Ọ̀pẹ̀lẹ̀ Kì í Ṣe Irin Ìdíwọ̀n

   

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí le díẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ kókó rẹ̀ ṣáájú. Ó ti ń di àṣà láàárín àwa oníṣẹ̀ṣe pé bí ẹnì kan bá fẹ́ kí wọ́n ṣe ìbọn ọdẹ fún òun, babaláwo ni yóò kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Yóò ní kí awo bá òun da Ifá: alágbẹ̀dẹ wo ni kí òun gbé iṣẹ́ fún, irú ọta wo ni kí ìbọn náà máa jẹ, báwo ni kí inú rẹ̀ ṣe gùn tó, kí ó sì fẹ̀ tó. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, awo ni mí. Síbẹ̀, mo sọ ọ́ láìfi bò pé ohun tí irin ìdíwọ̀n bá lè sọ fún wa, kò yẹ kí a da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún Ifá, kò sì bọ̀wọ̀ fún Ògún. Ojú rẹ̀ méjèèjì àti ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ń fi ta tẹ́tẹ́.

Yàrá tí ṣakabùlà kò ní

Ṣakabùlà tí àwọn baba wa fi ṣọdẹ kò ní yàrá nínú. Ẹnu ni a ti ń kì í. Ẹ̀tù ni yóò kọ́kọ́ wọlé, a ó fi èkísà dì í, ọta yóò tẹ̀ lé e, a ó sì fi ọ̀pá gún un kí ó le. Nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọdẹ ni ìwọ̀n wà. Òun ni ó ń bu ẹ̀tù. Bí ó bá bù ú jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí kò bá bù ú tó, ẹran yóò sá lọ. Alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ̀pá, ọdẹ ló mọ oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì mọ ẹ̀tù-ún wọ̀n kò tíì di ọdẹ, bó ti wù kí ó mọ ìjálá sun tó.

Ìyàtọ̀ dé nígbà ogun Kírìjì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí kò sì parí pátápátá títí di ọdún 1893. Àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn Snider rà gba Èkó. Ẹ̀yìn ni a ti ń ki Snider. Ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ sì ti wà pa pọ̀ nínú èèpo kan ṣoṣo. Bí a bá ń sọ ìtàn ogun náà, bí ìbọn yìí ṣe ń yá tó ni a máa ń ròyìn. A kì í sọ ohun tó yí padà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń yìn ín, ó bọ́ sínú irin. Ẹni tó ṣe kátíríìjì ti wọn ẹ̀tù tán. Ẹni tó gbẹ́ inú ìbọn ti wọn yàrá tí kátíríìjì yóò sùn sí. Ẹni tó gbé e lé èjìká kò wọn nǹkan kan mọ́. Ó kàn gbẹ́kẹ̀ lé àwọn méjèèjì ni.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń fi ọkàn ṣakabùlà gbé ìbọn kátíríìjì. A rò pé bí ọwọ́ ọdẹ bá mọ́, tí ó sì ti bọ Ògún, ìyókù yóò tọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kò sí lọ́wọ́ ọdẹ mọ́.

Yàrá náà ni mo ń pè ní ìyẹ̀wù ọta. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é, yàrá náà ni ó túmọ̀ sí, kò sì sí ìdí tí àwa tí a ní ìyẹ̀wù yóò fi máa yá ọ̀rọ̀ lò. Ibẹ̀ ni kátíríìjì ń sùn sí kí apátí tó jí i. Irin tí ń tì í mọ́ inú ni mo ń pè ní ilẹ̀kùn. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, tí ọta ń gbà kọjá kí ó tó kan ìlà tí a fà sínú ọ̀pá ráífù, ni mo ń pè ní ọ̀fun. Bí àwọn àgbà ọdẹ àdúgbò yín bá ní orúkọ tó dára ju ìwọ̀nyí lọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kí a lè kọ ọ́ sílẹ̀. Èdè tí kò bá lè dárúkọ inú ìbọn kò ní lè kìlọ̀ fún ọdẹ.

Bí ìwé kan ṣe nípọn tó

Ẹ jẹ́ kí a mú ọta kan tí ọ̀pọ̀ ọdẹ Amẹ́ríkà mọ̀, .308 Winchester, èyí tó jáde ní ọdún 1952. Láti mọ̀ bóyá ìyẹ̀wù rẹ̀ tọ́, irin ìdíwọ̀n ni alágbẹ̀dẹ máa ń lò. Ọ̀kan gùn ní ínǹṣì 1.630, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ tì mọ́ ọn. Èkejì gùn ní ínǹṣì 1.634; nínú ìbọn tuntun, ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ tì mọ́ ọn rárá. Ohun tó wà láàárín “bẹ́ẹ̀ ni” àti “rárá” kò ju ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì lọ, tàbí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ẹ mú ìwé kan ṣoṣo tí a fi ń tẹ̀wé nínú ọ́fíìsì dání, kí ẹ fi ìka méjì wo bí ó ṣe nípọn tó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi le koko tó bẹ́ẹ̀? Nítorí agbára tó wà nínú ìyẹ̀wù náà ni. Táyà ọkọ̀ kékeré máa ń gba afẹ́fẹ́ tó tó 32 psi. Ìwọ̀n tí wọ́n ní kí .308 má ṣe kọjá ni 62,000 psi, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì ti táyà. Èèpo idẹ ló ń dí agbára yìí mọ́ inú, idẹ sì rọ̀. Bí ìyẹ̀wù bá gùn jù, idẹ yóò nà kí ó lè kún àlàfo náà. Bí ó bá nà jù, yóò ya nítòsí ìdí, ooru gbígbóná yóò sì wá ọ̀nà àbáyọ lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yin ẹ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìbọn. Ojú ẹni tó ń yìn ín ni.

Gígùn nìkan kọ́. Ọrùn kátíríìjì náà gbọ́dọ̀ rí àyè fẹ̀ díẹ̀ kí ó lè tú ọta sílẹ̀. Bí ìyẹ̀wù bá fún un lọ́rùn, ọta kò ní jáde bó ṣe yẹ, agbára yóò sì ga kọjá ààlà. Ọ̀fun náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: bí ó bá kúrú jù fún ọta gígùn, ọta yóò ti kan ìlà kí ilẹ̀kùn tó tì tán, bí ó bá gùn jù, ọta yóò fò gba òfuurufú kí ó tó kan ìlà, ó sì ṣeé ṣe kí ó má lọ síbi tí a na ìbọn sí. Àpẹẹrẹ tí gbogbo oníbọn Amẹ́ríkà mọ̀ ni ti .223 Remington àti 5.56 ti àwọn ológun. Bí a bá tẹ́ kátíríìjì méjèèjì sílẹ̀, ìbejì ni wọ́n lójú ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fun ìyẹ̀wù ti ológun gùn ju ti èkejì lọ. Nítorí náà, a kìlọ̀ fún ẹni tó ni ìbọn .223 pé kí ó má ki 5.56 sínú rẹ̀, kí agbára má baà ga jù.

Ẹni tó bá gbọ́ èdè wa dáadáa kò ní bú èyí lẹ́rìn-ín. Ọta ni à ń ki sínú ìbọn, ọ̀tá sì ni ẹni tó ń wá ìparun wa. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀. Ohùn orí ọ̀rọ̀ ló yà wọ́n. Ohun kékeré ló ń sọ èyí di ìyẹn.

Ẹni tí yóò jogún rẹ̀

Ní ìlú Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti gba ọdẹ láyè láti jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ṣe ráífù ní ìwọ̀n tó bá wù ú, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́ rárá. Awo kan tí mo kọ́ ní Ifá, tí ó ń gbé ní Pennsylvania, tí ó sì ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín lọ́dọọdún, kọ̀wé sí mi. Ó ní, “Bàbá, alágbẹ̀dẹ méjì ni mo rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà, ta ni kí n gbé e fún?” Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ògún. Ó kó irin àti màrìwò sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń ṣèlérí ìyẹ̀wù tó fún ju ti gbogbo ayé lọ kí ọta lè máa ba ojú kan náà. Èkejì jẹ́ òyìnbó arúgbó kan tí kò mọ Ògún yàtọ̀ sí Ṣàngó. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí bàbá náà bi í ni pé, “Kátíríìjì ti ilé ìtajà ni o máa yìn, tàbí èyí tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe?”

N kò da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sí i. Mo dá a lóhùn pé ìbéèrè arúgbó yẹn ni kí ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù wà.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ìbọn díje. Wọ́n máa ń fá ọrùn èèpo idẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wọn ẹ̀tù rẹ̀ hóró-hóró, wọ́n sì ń yìn ín lórí tábìlì sí àmì tó jìnnà. Fún irú wọn, ìyẹ̀wù tó fún lọ́rùn lè wúlò. Ṣùgbọ́n bí a bá mú kátíríìjì ilé ìtajà, tí a kò fá ọrùn rẹ̀, tí a sì fi tipátipá tì í sínú irú ìyẹ̀wù bẹ́ẹ̀, a ti sọ ìbọn di bọ́ǹbù. Ọdẹ àgbọ̀nrín tó ń rìn nínú òjò àti yìnyín, tí iyanrìn àti ewé ń wọ ìdí ìbọn rẹ̀, kò nílò rẹ̀ rárá. Ìyẹ̀wù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò tì wẹ́rẹ́ nígbà tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n nínú òtútù ni ó yẹ ẹ́.

Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni pé a máa ń jogún ìbọn. Àwa ọmọ Yorùbá mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìbọn baba ń di ti ọmọ, ó sì ń di ti ọmọ ọmọ. Ẹni tó ni ìbọn mọ̀ pé ìyẹ̀wù òun fún, ó mọ irú èèpo tí òun ń fá. Bí ó bá kú, ṣé ọmọ rẹ̀ mọ̀? Ọmọ yóò ka orúkọ ọta lára ọ̀pá, yóò lọ sí ilé ìtajà, yóò ra páálí kan, yóò sì wọ igbó. Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún ẹni tó kọ̀wé sí mi pé kí ó yan ìwọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀, irú èyí tí SAAMI, ẹgbẹ́ àwọn aṣèbọn àti aṣọta ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1926, ti ya àwòrán rẹ̀ tí wọ́n sì gbé e síta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Bí ó bá sì di dandan kí ó yan ìwọ̀n àrà, kí alágbẹ̀dẹ fín in sára ọ̀pá ìbọn ketekete, kì í ṣe sínú ìwé nìkan. Ìwé a máa sọnù. Ogún tí yóò pa arole kì í ṣe ogún.

Ta ni alágbẹ̀dẹ?

A máa ń sọ pé bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń gbé iṣẹ́ fún un ni láti béèrè ohun náà.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé àṣẹ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1968 béèrè pé kí ẹni tó bá fi ìbọn ṣíṣe àti àtúnṣe rẹ̀ ṣòwò gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò ní in, kí a má wulẹ̀ jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, kí ó fi irin ìdíwọ̀n rẹ̀ hàn wá. Babaláwo kì í fi ikin pamọ́ fún ẹni tó wá dífá. Alágbẹ̀dẹ tó bá bínú nítorí a ní kí ó ṣí ilẹ̀kùn kí ó sì fi “bẹ́ẹ̀ ni” àti “rárá” hàn wá, ó ti dáhùn. Kí ó fi àwòrán irin tí yóò fi gbẹ́ ìyẹ̀wù náà hàn wá pẹ̀lú, nítorí irin yẹn ló mọ gbogbo ìwọ̀n: ìdí, ara, ọrùn àti ọ̀fun. Bí ó bá parí iṣẹ́, kí ó yìn ín wò fúnra rẹ̀ kí ó tó gbé e fún wa, kí ó sì kó èèpo tó yìn padà fún wa. Èèpo idẹ tó jáde láti inú ìyẹ̀wù ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́. Ó ti gba àwòrán yàrá náà sára, àpá rẹ̀ yóò sì sọ bóyá ó nà jù.

Ohun tó kẹ́yìn ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n ìwà. Ṣé alágbẹ̀dẹ náà mọ “rárá” sọ? Bí a bá ní kí ó fi ọ̀pá ìbọn àtijọ́ jẹ ọta tó lágbára jù ú lọ, ṣé yóò gbowó ni, tàbí yóò dá wa padà? Ẹni tó bá gba gbogbo iṣẹ́ tí a gbé wá, apá kan ọkàn rẹ̀ ti kú sí iṣẹ́. Ìwà lẹ̀sìn, bẹ́ẹ̀ ni ìwà lọ́nà. Òyìnbó tó ń wọn irin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó gé e ń sin Ògún láìmọ̀, bí kò tilẹ̀ ta epo sílẹ̀ rí. Ẹni tó ń da epo sórí irin lójoojúmọ́, tí kò sì ní irin ìdíwọ̀n nílé, ó ń fi orúkọ Ògún jẹun ni.

Nílé wa ńkọ́?

Àwa tí a wà ní Nàìjíríà kò ní àyè láti gbé ráífù fún alágbẹ̀dẹ báyìí, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dán an wò. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 béèrè ìwé àṣẹ fún ìbọn ọdẹ, títí kan ṣakabùlà. Ó ka ráífù ológun bí irú 7.62 mm àti .303 léèwọ̀ fún ará ìlú. Kò sì fún alágbẹ̀dẹ àdúgbò láyè láti máa rọ ìbọn tí ń jẹ kátíríìjì.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Gbogbo wa la mọ̀ pé a ń rọ ọ́. A mọ̀ pé páìpù omi ni àwọn mìíràn fi ń ṣe ọ̀pá rẹ̀, páìpù tí wọ́n ṣe fún omi ilé, tí ẹnì kan kò wọ̀n rí fún iná ẹ̀tù. Kátíríìjì ìwọ̀n 12 tí ọdẹ wa ń yìn lè gbé agbára tó tó 11,500 psi jáde. Kò tó ti ráífù, ṣùgbọ́n ó tó láti gé ọwọ́ ènìyàn. Bí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá sì bẹ́, ọ̀rọ̀ tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni pé ayé ló ṣe é, tàbí pé ó jẹ Ògún ní gbèsè. Kí ló dé tí ẹnì kan kì í béèrè pé, “Ta ló wọn ìyẹ̀wù rẹ̀?”

Kódà ìbọn gidi tó ní ìwé àṣẹ ń fẹ́ ìmọ̀ yìí. Ìwọ̀n 12 túmọ̀ sí pé bí a bá fi òjé ṣe ọta róbótó méjìlá tó kún ẹnu ìbọn náà déédéé, gbogbo wọn yóò wọn pọ́n-ùn kan. Ti ìwọ̀n 20 jẹ́ ogún nínú pọ́n-ùn kan. Nítorí náà 20 kéré sí 12, bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ jù ú. Bí kátíríìjì 20 bá ṣèèṣì bọ́ sínú ìbọn 12, yóò kọjá ìyẹ̀wù, yóò há sínú ọ̀pá. Ọdẹ yóò yẹ ìdí ìbọn wò, yóò rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, yóò ki 12 sẹ́yìn rẹ̀, yóò sì fa apátí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe èèpo kátíríìjì 20 ní àwọ̀ yẹ́lò. Gígùn náà ń tan ènìyàn: kátíríìjì 76 mm tí a kò tíì yìn yóò wọ ìyẹ̀wù 70 mm wẹ́rẹ́, nítorí pé ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá là tán ni ó ń gùn tó 76. Nínú ìyẹ̀wù kúkúrú, kò sí àyè fún un láti la ẹnu, agbára yóò sì ga. Ohun tí a kọ sára ìbọn àti ohun tí a kọ sára páálí gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ìtàn wa fúnra rẹ̀ ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ní ọ̀rúndún 18, nígbà òwò ẹrú, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìbọn rẹpẹtẹ ránṣẹ́ sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀tọ̀kùlú kan ní ilẹ̀ náà, Lord Shelburne, kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà pé ju ìdajì wọn ni yóò bẹ́ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó bá yìn wọ́n, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń tà á fún wa. Àwọn aṣèbọn London ti gba ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ wọn láti ọdún 1637, wọ́n sì ń dán ọ̀pá ìbọn wò. Ní ọdún 1813 òfin dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ ní Birmingham pẹ̀lú. Níbẹ̀, agbára tó ju ti ojoojúmọ́ lọ ni wọ́n fi ń yìn ìbọn tuntun. Èyí tó bá yè é ni wọ́n ń fi òǹtẹ̀ lù. Títí di òní, kò bófin mu ní Bìrìtìkó láti ta ìbọn tí kò ní òǹtẹ̀. Ìbọn tí a kò dán wò ni wọ́n kà sí ohun tó tọ́ sí àwọn baba wa. Ó dùn mí pé àwa ọmọ wọn ń fi ọwọ́ ara wa ṣe irú rẹ̀ fún ara wa, a sì ń fi orúkọ òrìṣà bò ó.

Ìwọ̀n ni Ifá

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé mo ń rẹ Ifá sílẹ̀, pé iwé òyìnbó ti gùn mí. Wọn yóò béèrè pé kí ni ó wà láyé tí Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, kò mọ̀.

Kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ awo lórí ọpọ́n. Ogbè, àmì ẹyọ ẹyọ mẹ́rin ni. Ògúndá, Odù tó gbé orúkọ Ògún fúnra rẹ̀, àmì ẹyọ ẹyọ mẹ́ta ni, tí ìkẹrin nísàlẹ̀ sì jẹ́ méjì. Àmì kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Ọmọ awo tó bá tẹ méjì síbi tí ẹyọ kan wà ti pe Odù mìíràn. Ẹbọ mìíràn ni yóò yàn, ẹni tó wá yóò sì ru ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ǹjẹ́ a máa ń sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kò burú, òrìṣà yóò gbà á bẹ́ẹ̀? A máa ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì ni alágbẹ̀dẹ ń ṣọ́, àmì kan ni awo ń ṣọ́. Ẹni tó mọ Ifá gan-an ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún irin ìdíwọ̀n.

Iṣẹ́ sì kù fún Ifá, iṣẹ́ tí irin kò lè ṣe. Kí a bi Ifá bóyá ó yẹ kí ìbọn wọ ilé wa rárá. Kí a bi í nípa èèwọ̀ wa, nítorí àwọn kan wà tí orí wọn kò gba ẹ̀jẹ̀ ẹran ìgbẹ́. Kí a bi í nípa ìbínú wa, nípa ọtí wa, nípa ọmọ tó ń dàgbà nínú ilé tí ìbọn wà. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Irin ìdíwọ̀n lè sọ pé ìyẹ̀wù yìí tọ́. Kò lè sọ pé ọwọ́ tí yóò gbé e tọ́.

Mo bẹ ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọdẹ bá wá bá yín nítorí ìbọn, kí ẹ kọ́kọ́ bi í pé, “Ta ló wọ̀n ọ́n? Níbo ni ìwé àṣẹ rẹ̀ wà? Ṣé ohun tí a kọ sára ìbọn bá ti ara páálí mu?” Bí kò bá ní èsì, ẹ má gba owó rẹ̀, ẹ dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó ní irin ìdíwọ̀n. Mo sì bẹ ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ tí ẹ ń ṣètò ọdún Ògún: kí a tó yìnbọn lójú agbo ní ọdún yìí, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kí ó yẹ gbogbo ìbọn tí a mú wá wò. Èyí tí kò bá yè é, kí a gbé e sílẹ̀ ní ojúbọ láìki nǹkan kan sí i. Irin ni síbẹ̀, Ògún yóò gbà á. Ajá wà níbẹ̀ fún Ògún. A kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ìka ọmọ ènìyàn.

Ògún yóò gbè wá o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.